Ilé tí Kò Fẹ́ Wó

Ní Tokyo, ilé àwòṣífìlà kì í tíì di ẹni pàtàkì títí abàmì ẹranko yóò fi wó o nínú sinimá. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára káàdì ọdún tuntun, kékeré nìyẹn. Kí àwọn tó ń ṣègbéyàwó dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò, ìyẹn náà kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí Donbara, ẹranko oníwo kan ṣoṣo, bá jáde látinú òkun, tó wo gbogbo ìlú yíká, tó wá yan ilé tìrẹ láàárín gbogbo ilé, tó sì fi ìrù gbá a lulẹ̀, ọjọ́ yẹn ni aráyé tó gbà pé o ti kọ́lé. Nítorí náà, àwọn onílé tó mọ̀yì ara wọn máa ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n á fi ìgò ọtí ìrẹsì méjì tì í, wọ́n á ní, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sinimá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa wó ilé wa.

Shigeru Momose ló ń mọ àwòrán kékeré àwọn ilé tí wọ́n ń wó náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ sinimá kan ní Setagaya. Ẹfun ló fi ń mọ wọ́n, á pò ó, á dà á sínú àpótí pẹlẹbẹ, á jẹ́ kó gbẹ, á sì wá fi ayùn rẹ́ ẹ̀yìn ògiri náà díẹ̀díẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i, kó lè mọ ibi tí yóò gbà fọ́ nígbà tí àkókò bá tó. Má rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ilé tó bá kàn dojú bolẹ̀ gbì bí ẹni tó yó, ìtìjú gbáà ni lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ilé tó mọ̀ ọ́n wó, fèrèsé rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ, lẹ́yìn náà ìbàdí á yẹ̀, eruku á sọ, orí á wá rọra jókòó sínú eruku náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá rí irú ìwó bẹ́ẹ̀ nínú sinimá, wọ́n á ní ọwọ́ Momose nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Iwao.

Iwao ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó ti wà lára àwọn tó ń rìn lórí irin lókè téńté, tí wọ́n ń so ọ̀wọ̀n irin mọ́ra kí ilé tó di ilé. Ilé gíga mọ́kàndínlógún ló bá wọn gbé dìde kí orúnkún rẹ̀ tó yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó kẹ́yìn ni Ilé Kaname, alájà mẹ́tàdínláàádọ́ta ní Shinjuku, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí àwọn agunrin. Ọjọ́ tí wọ́n gbé irin ìkẹyìn sókè, gbogbo wọn fi gègé àti yíǹkì kọ orúkọ sára irin náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àjà bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ Iwao wà níbẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó lè rí i, àfi eku.

Bí wọ́n bá ti pé jọ lọ́dún tuntun, tí ọtí bá ti wọlé díẹ̀, Iwao á nàka sí àbúrò rẹ̀ láàárín ẹbí. "Èmi ń kọ́, èyí ń wó. Ọmọkùnrin méjì ni bàbá wa bí, ẹyọ kan ló ṣiṣẹ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Shigeru náà á rẹ́rìn-ín, á bu ọbẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún, ó ń dùn ún gan-an ni. Iwao kò tẹsẹ̀ bọ ilé sinimá rí láyé rẹ̀. Ó ní òun ò lè sanwó láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí ní ọdún tí àwọn onílé Kaname kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwọn, tí Ọ̀gá Sakaki, olùdarí fíìmù, sì gbà. Shigeru gbọ́ orúkọ ilé náà. Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sunday, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wá wo iṣẹ́ mi. Iwao fa sìgá rẹ̀ tán kó tó dá a lóhùn pé òun á wá, kí òun lè rí bí wọ́n ṣe ń sọ iṣẹ́ òun di erùpẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni Shigeru fi mọ ilé náà. Ó ga tó èèyàn mẹ́rin tó gorí ara wọn, ó sì sọ fún gbogbo èèyàn pé nǹkan tó ga tó yẹn kò lè dúró láìní egungun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n egungun tó ki bọ̀ ọ́ kì í ṣe ti eré. Ọ̀wọ̀n mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú Ilé Kaname tòótọ́, mẹ́rìndínlógójì náà ló fi ọ̀pá idẹ ṣe, ó sì fi ìṣó kéékèèké kàn wọ́n mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Fumie, obìnrin tó ń kun fèrèsé, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Momose, ṣé ẹ fẹ́ gba ayálégbé síbẹ̀ ni?"

Shigeru ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun máa rẹ́ ọ̀wọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn. Ó sì rẹ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó wo ojú ayùn tó hàn lára idẹ náà, ó rò ó bí Iwao yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò rí ọ̀wọ̀n tí wọ́n ti rẹ́ dé ìdajì, tí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú tì í. Ó yọ́ òjé, ó fi dí gbogbo ojú ayùn náà padà, ó sì fi yanrìn ra á títí ó fi dán. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ẹni tó ń retí oríyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún?

Oṣù òjò ni. Gbọ̀ngàn náà móoru, iná tí wọ́n fi ń yàwòrán sì tún dá kún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ parí kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nítorí àwọn tó fẹ́ polówó ọbẹ̀ kọrí ti sanwó gba gbọ̀ngàn náà láti ọ̀la lọ. Ilé ọ̀hún kan ṣoṣo ló wà, kò sí èkejì rẹ̀. Bí kò bá wó dáadáa lónìí, kò ní sí ìwó nínú fíìmù náà, gbogbo ìlú yóò sì gbọ́ pé ọwọ́ Momose ti rọ.

Iwao dé pẹ̀lú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn agunrin àti fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi ilé náà, ó yọjú wo inú rẹ̀ láti fèrèsé dé fèrèsé bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gun àkàbà, orúnkún rẹ̀ ń dún. Níbi àjà kọkànlélọ́gbọ̀n, ó dúró pẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé a yí ipò ọ̀wọ̀n ibí yìí padà?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin Màmá."

Iwao sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, pé kí wọ́n máa wó o kí òun rí i. Shigeru jókòó tì í. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Kasuga, ẹni tí àwọn onílé Kaname rán wá, ń pín aṣọ ìnujú tí wọ́n ya àwòrán ilé sí fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ méjì ló gbé wá. Èkíní, kí pátákó orúkọ tó wà lórí òrùlé jẹ́ ohun tí yóò wó kẹ́yìn. Èkejì, bí kò bá ni wọ́n lára, kí ilé náà wó lu ilé ìfowópamọ́ tó wà lápá òsì, nítorí pé àwọn yẹn ti gbéra ga jù. Ọ̀gá Sakaki ní ti èkíní ṣeé ṣe.

Banno ló wà nínú awọ Donbara. Ogún ọdún ló ti ń wọ rọ́bà yẹn, bó bá sì bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, òógùn tó máa ń dà nínú rẹ̀ tó omi ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Donbara, ilé tó ga jù ní ìlú ò ju àjà mẹ́sàn-án lọ, ó máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e ni. Nísinsìnyí ìlú ti dàgbà, ẹranko ò dàgbà. Níwájú Ilé Kaname, àjà kọkànlá ni orí rẹ̀ mọ, ó rí bí àlejò tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Donbara bú, ó fi èjìká gbá ilé náà. Ẹfun díẹ̀ hó sílẹ̀, fèrèsé mẹ́rin já bọ́. Ilé dúró. Ó yí padà, ó fi ìrù nà án, ìrù náà ta padà bí ẹni tó na ògiri bárékè. Banno bínú. Ó fà sẹ́yìn dé etí òkun àtọwọ́dá, ó tẹrí ba, ó sáré, ó kan ilé náà gbàà. Ìwo kán. Donbara fi ìdí lélẹ̀ lórí ojú irin, ó jókòó tẹ ọkọ̀ ojú irin kan àti ilé mẹ́ta tí kò sí nínú ètò pé wọn yóò wó rárá.

Ohùn Banno wá jáde látinú rọ́bà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ta ló kọ́ ilé yìí?"

Iwao ló dìde. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, ẹ̀rín tí àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n wà léwe, ó pàtẹ́wọ́, ó lu itan.

"Àbúrò mi ni! Ẹ wò ó, kò mì! Shigeru, lónìí ni o tó kọ́lé."

Ohun tí Shigeru ti ń retí láti ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Ó dé, ó sì dé lójú gbogbo ayé, lórí iṣẹ́ tó burú jù tí ó ṣe láyé rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kí ilẹ̀ lanu. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í, àwọn méjèèjì fa ọrùn ara wọn níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kasuga náà ti ń fò fún ayọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹranko náà sá padà sínú òkun, kí gbogbo ayé mọ̀ pé Ilé Kaname ló ṣẹ́gun Donbara. Ọ̀gá Sakaki bi í pé ẹranko tí ilé bá ti nà, ta ló tún máa bẹ̀rù rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Ó wo aago: ó ti kọjá mẹ́ta àbọ̀. Ó ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwo náà padà. Ó ní agbára Banno ò lè gbé ju ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Shigeru, ó sọ ọ́ láìpariwo pé kí Bàbá Momose jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe.

Shigeru mú ayùn irin. Iwao lọ dúró síwájú ilé náà, ó na apá méjèèjì.

"O ò ní rẹ́ ẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o ṣe nǹkan tó dúró."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. Bí ilé yín bá wó, ìtìjú yín ni. Bí tèmi ò bá wó, ìtìjú tèmi nìyẹn. Mo ti rẹ́ àwọn ọ̀wọ̀n yẹn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo rántí pé ẹ ń bọ̀ ni mo fi òjé dí wọn, kí ẹ má baà rí i."

"Kí n má baà rí kí ni?"

"Iṣẹ́ mi."

Iwao wò ó. Apá rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ló ń tijú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lójú òun, Shigeru sì ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bàbá arúgbó náà yí ojú sí òkè ilé náà, ó wò ó títí. Gbogbo àwàdà ọdún tuntun wọ̀nyẹn ló ń padà bọ̀ wá bá a, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Mú ayùn yẹn wá," ó wí. "Ìwọ ò mọ ibi tí agbára ẹ̀ wà. Ẹ̀yìn lo rẹ́, ẹ̀yìn kọ́ ló gbé e dúró."

Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn fà bọ́ sí abẹ́ ilé náà, tòun ti orúnkún. Láti ìsàlẹ̀ yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń rẹ́ ni ó ń sọ. Ó ní igun apá ọ̀tún, níbi àjà kejì, ni òun fi ọdún méjì bẹ̀rù. Bí ìjì bá ti fẹ́ lóru, òun á jí, òun á jókòó lórí ibùsùn, òun á máa ro ibẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ bí ilé ṣe lè wó tó ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó má wó. Nígbà tí Iwao ń rẹ́ idẹ, Shigeru ń fi ayùn tirẹ̀ fa ilà lẹ́yìn ògiri ẹfun, kó má baà ya bí aṣọ, kó lè fọ́ wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n jọ tún ọgbà ilé bàbá wọn ṣe, wọn ò tíì jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń bú ara wọn. Iwao ní ayùn Shigeru kú, Shigeru ní kí ẹ̀gbọ́n òun rọra, pé kì í ṣe irin gidi nìyẹn. Fumie gbé omi ọkà bálì tútù wá fún wọn, ó sọ fún Banno tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀ pé ó jọ pé àwọn bàbá méjèèjì yìí ò ní jẹ́ kí ẹranko rí nǹkan kan ṣe.

Iwao rẹ́ ọ̀wọ̀n mọ́kànlá. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní igun iwájú, ó fi ẹfun pupa sàmì sí i, ó sì pe Banno.

"Má jà pẹ̀lú ẹ̀. Ibí yìí ni kí o fọwọ́ kàn. Ìyókù, òun fúnra rẹ̀ á ṣe é."

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Donbara rìn wá, ìwo rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó na ọwọ́, ó fi èékánná ti igun yẹn bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Fún ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, láti ìsàlẹ̀ sókè, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Ìbàdí yẹ̀. Ilé náà yí díẹ̀ lórí ara rẹ̀ bí arúgbó tó fẹ́ wo ẹ̀yìn, ẹfun sọ, àjà ń wọnú àjà, orí rẹ̀ sì rọra jókòó sínú eruku pẹ̀lú pátákó KANAME lórí rẹ̀ gbangba. Pátákó náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá tẹ̀, ó wọlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kasuga dọ̀bálẹ̀ fún eruku náà.

Ọ̀gá Sakaki mi orí lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Shigeru wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iwao mú fìlà rẹ̀ dání, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀, ó ní orúnkún ń dun òun, ó sì lọ sílé.

Ẹni tó mọ ilé ló ń gbá àfọ́kù rẹ̀, àṣà ibẹ̀ nìyẹn. Shigeru gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀rù ń bà á. Ó rò pé òun ti fi ọjọ́ kan ṣoṣo gba oríyìn, òun sì ti fi ọjọ́ kan náà sọ ọ́ nù. Oṣù mẹ́fà kọjá, Iwao ò pè é, òun náà ò lè pè é. Ṣùgbọ́n ó lọ bá Ọ̀gá Sakaki nínú ọ́fíìsì, ó bẹ ẹ́ fún nǹkan kékeré kan, Ọ̀gá Sakaki sì ṣe é fún un.

Nígbà tí fíìmù náà jáde ní December, Shigeru fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Iwao wá. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ lọ síbi ìsìnkú, ó jókòó ṣánṣán. Nígbà tí Ilé Kaname ń wó, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀, ìyá arúgbó kan tó jókòó tì í sọ pé ó mà ṣe o, ilé tó dára báyìí. Fíìmù parí, iná tàn, àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń wọ kóòtù, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gòkè lójú aṣọ funfun láìsí ẹni tó ń kà á. Shigeru di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní kó dúró díẹ̀.

Ó wá yọ, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ: Ìwó Ilé Kaname, Shigeru Momose, Iwao Momose.

Iwao kà á. Ó tún un kà títí ó fi gòkè lọ tí kò hàn mọ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ilé mọ́kàndínlógún ni mo kọ́," ó wí, "eku nìkan ló ń ka orúkọ mi. Ẹyọ kan péré ni mo wó."

Lẹ́yìn náà ó yí sí ìyá arúgbó tó ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, ó fi ìka gún àyà Shigeru.

"Ìyá, ẹ má káàánú ilé yẹn. Ṣé ẹ rí bó ṣe wó? Àbúrò mi ló ṣiṣẹ́ yẹn."

Ìyá náà ní òun rí i, pé ó wó dáadáa. Iwao dé fìlà rẹ̀, wọ́n jáde sínú òtútù Shinjuku, ó sì gbójú sókè wo gbogbo ilé gíga tó tan iná yí wọn ká, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Shigeru," ó wí, "èwo la tún máa wó lọ́dún tó ń bọ̀?"